Ìyá Àgbà Maourey àti Àlejò Inú Òjò

Lẹ́yìn tí a sin Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wá kí wa ń sọ: wọ́n ní jẹ́jẹ́ ni Ìyá Àgbà gbé ayé wọn. Mo ń dáhùn pé, "A dúpẹ́ o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ṣùgbọ́n nínú mi, mo ń sọ pé ẹni tí àwọn èèyàn yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà tí èmi mọ̀ kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́ rárá. Wọ́n lawọ́, wọ́n láàánú, ìrun wọn kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè torí iyọ̀ inú ọbẹ̀ bá èèyàn jà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí àwọn ọmọ wa má baà máa rántí obìnrin mìíràn.

Ràbíátù lorúkọ wọn. Ìlọrin ni wọ́n bí wọn sí, Niamey ni wọ́n darúgbó sí. Àwọn ni wọ́n bí bàbá mi. Ọkọ wọn ló mú wọn wá síbí nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ọkọ náà kú kí wọ́n tó bí mi, ó sì fi ilé kan sílẹ̀ fún wọn ní àdúgbò Maourey àti ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní ọjà Grand Marché. Inú ilé yẹn ni èmi Sèmíátù dàgbà sí. Yorùbá, Zarma àti Haúsá àdúgbò, Ìyá Maourey ni gbogbo wọn ń pè wọ́n.

Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Niamey, Zarma la fi ń ṣeré, Faransé la fi ń kàwé, Haúsá la fi ń rajà. Yorùbá wá di ohun tí a ń fi kí àgbà láàárọ̀ nìkan. Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo èdè wọ̀nyí dáadáa. Mo ti rí wọn rí tí wọ́n ń fi Zarma ná ẹja létí odò títí ẹlẹ́ja fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá ti wọ inú ilé tí a sì sọ èdè mìíràn sí wọn, wọ́n á di adití. Lọ́jọ́ ooru kan, àbúrò mi ọkùnrin ti ilé ìwé dé, ó ń fi Faransé pariwo pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ìyá Àgbà ń ká aṣọ, wọn ò gbójú sókè. Ọmọ náà tún fi Zarma sọ ọ́. Wọn ò gbójú sókè. Mo dìde pé kí n lọ bu omi fún un, wọ́n fi ojú dá mi padà sórí ìjókòó. Nígbà tí ẹkún ti fẹ́ bọ́ lójú ọmọ náà, wọ́n ní, "Fi èdè ìyá rẹ béèrè omi. Òùngbẹ ò ní pa ọ́ kí o tó rántí rẹ̀."

Ní ṣọ́ọ̀bù, tiwọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà á dé, á mú aṣọ tó wù ú, Ìyá Àgbà á ní àwọn ò tà á fún un. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin Zarma kan wá ra àǹkárá aláwọ̀ ewé tí ọmọ rẹ̀ máa fi ṣe ìyàwó. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà ti fi omi rin etí aṣọ náà, tí wọ́n sì rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Obìnrin náà ní bí aṣọ ò bá dára, kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ ọ síta? Ìyá Àgbà ní, "Mo kọ́ ọ síta kí n lè máa rí i bú ni." Obìnrin náà rò pé wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ de ẹlòmíràn tó lówó ju òun lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ. Ìyá Àgbà náà fà á. Àwọn ará ọjà pé lé wọn lórí, ariwo sọ. Níkẹyìn Ìyá Àgbà já aṣọ náà gbà, wọ́n jókòó lé e lórí, wọ́n ní, "Bí mo bá ta èyí fún ọ, lọ́jọ́ tí o bá fọ̀ ọ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ni màá máa gbà wọ ọjà."

Ẹni tí wọ́n bá jà jù láyé yìí ni ẹ̀gbọ́n wọn, Alfa Sálíù, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alfa. Bàbá Alfa ló ń kọ́ àwọn ọmọ Ìlọrin ní kéwú ládùúgbò wa. Àwọn náà ló ń ṣe wáàsí níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi òkú. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, nítorí náà ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán lójoojúmọ́. Oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni dámbú, ìyẹn jéró tí wọ́n fi ewé pò, tí wọ́n sì fi ooru sè. Ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ kan tí wọn ò ní bú u. "Ràbí, ewé yìí pọ̀ jù. Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ fi bọ́ ni?" Ìyá Àgbà á jókòó, wọ́n á máa fẹ́ iná, títí Bàbá Alfa á fi jẹun tán tí wọ́n á fi ìka nu ìsàlẹ̀ abọ́. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà á wá yíjú sí mi bí ẹni pé Bàbá Alfa ò sí níbẹ̀: "Sèmíátù, gbé abọ́. Ewúrẹ́ ti yó, ó ku kó dúpẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bára wọn ṣe. Kò sẹ́ni tó rò pé ohunkóhun lè mú kí Bàbá Alfa kọ oúnjẹ yẹn. Ọjọ́ tí ohun náà ṣẹlẹ̀, èmi wà níbẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Àgbà ní Grand Marché, ará Íńdíà kan ń ta aṣọ. Mínà lorúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, nítorí náà Ìyá Àgbà sọ ọ́ ní Bàbá Mínà, gbogbo ẹsẹ̀ ọjà yẹn sì gba orúkọ náà. Èmi àti Mínà jọ dàgbà láàárín ìdì aṣọ ni. Bàbá Mínà ní ìyá arúgbó kan tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá yẹn ò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Zarma, kò gbọ́ Haúsá. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, òun àti Ìyá Àgbà á jọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, ọ̀kan á sọ èdè tirẹ̀, èkejì á fi Yorùbá dá a lóhùn. Mo bi Ìyá Àgbà nígbà kan pé kí ni wọ́n ń sọ gan-an. Wọ́n ní, "Orúnkún. Orúnkún ò lédè."

Nínú oṣù òjò ọdún kan, Bàbá Mínà wá sọ fún wa pé àwọn ń retí àlejò. Olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù kan ni, ẹni tí kò ní ìyàwó, tí kò ní ilé, tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin Ọlọ́run. Swámì ni wọ́n ń pe irú wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa lò ní Niamey, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, bàálù rẹ̀ á gbéra. Bàbá Mínà ní láti ìgbà tí ìyá òun ti dé ìlú yìí, kò tíì rí olùkọ́ kankan tó fi èdè rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àti pé ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Àwọn ará Íńdíà ìlú yìí ò pọ̀. Wọ́n jọ gba gbọ̀ngàn kan ní Lamordé, lódìkejì odò, nítòsí yunifásítì tí èmi àti Mínà ń lọ nígbà náà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, òjò dé. Kì í ṣe òjò tí èèyàn á ní kó dá kí òun tó jáde. Omi gba gbogbo títì. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn Lamordé tẹ Bàbá Mínà láago pé àga ń léfòó nínú ilé, kí wọ́n má wulẹ̀ sọdá wá. Yàrá méjì ni ilé Bàbá Mínà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò lè gbà wọ́n. Wọ́n ní kí àwọn lọ lo ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà débẹ̀ ni tákísí wọn ti kú sínú omi níwájú ilé wa ní Maourey.

Mo wà lójú fèrèsé. Mo rí ọkùnrin kan tó fárí kodoro, tó ró aṣọ aláwọ̀ ọsàn, tó bọ́ sílẹ̀ láti inú tákísí náà. Omi dé orúnkún rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbá sálúbàtà rẹ̀ mọ́ àyà, ó na ọwọ́ kejì sínú ọkọ̀, ó sì di ìyá Bàbá Mínà mú. Ìyá náà ti rin gbingbin. Aṣọ funfun tuntun tó wọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, èyí tó mú kó dà bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ìyá Àgbà ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Haúsá ni àwọn àti Bàbá Mínà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

"Bàbá Mínà, níbo lẹ ń gbé ìyá yìí lọ nínú òjò?"

"Ìyá, àwa gan-an ò mọ̀ mọ́."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ń dúró kí a sọ ibi tí wọ́n máa wá. Ó dà bíi pé a máa ní kí kálukú padà sílé."

Ìyá Àgbà wo ìyá arúgbó náà. Wọ́n wo ọkùnrin aláṣọ ọsàn. Wọ́n ní, "Ẹ pè wọ́n kí wọ́n máa bọ̀. Pálọ̀ mi tóbi."

Bàbá Mínà gbé nǹkan kan dání tí wọ́n fi aṣọ pupa wé. Bó ṣe fẹ́ gbé e wọlé, Ìyá Àgbà na ọwọ́ dí i lọ́nà. Wọ́n bi í pé kí ni. Ó ní àwòrán ẹni tí àwọn ń sìn ni. Ìyá Àgbà ní, "Èèyàn ni mo ní kó wọlé. Ibi tí mo ti ń forí kanlẹ̀ nìyí, ohun mìíràn tí wọ́n ń forí kanlẹ̀ fún ò lè wọ ibẹ̀." Ojú ti Bàbá Mínà. Ó yíjú sí Swámì, ó tú ọ̀rọ̀ náà fún un. Èmi ń rò pé wọ́n á bínú padà ni. Swámì fetí sílẹ̀, ó mi orí, ó sọ nǹkan kan, Mínà, tó ti bá wọn bọ́ sílẹ̀ nínú tákísí, sì tú u sí Faransé fún mi, èmi náà wá tú u sí Yorùbá. Ó ní Ìyá sọ òtítọ́, onílé ló mọ ohun tó yẹ ilé rẹ̀, àti pé ẹni tí àwọn wá pè ò ní ṣaláì gbọ́ tí wọn ò bá gbé àwòrán rẹ̀ wọlé. Bàbá Mínà wọ́ omi lọ títí dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lọ gbé àwòrán náà síbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe wọlé, ìdílé kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n to bàtà wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà mú ìró gbígbẹ nínú àpótí wọn, wọ́n mú ìyá arúgbó náà wọ yàrá, nígbà tó sì jáde, àǹkárá Ìyá Àgbà ló ró. Èmi se omi tíì. Ìyá Àgbà gbé ọbẹ̀ ẹran síwájú Swámì. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó ní òun kì í jẹ ẹran. Ẹja ńkọ́? Kì í jẹ ẹja. Ẹyin? Kì í jẹ ẹ́. Ìyá Àgbà wò ó láti orí rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àti egungun ọrùn rẹ̀ tó yọ síta, wọ́n ní, "Abájọ." Wọ́n gbé dàbínù àti ẹ̀pà sísè fún un. Ó jẹ ẹ́.

Nígbà tó ń jẹun ló sọ pé, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ẹni bíi tòun ò gbọdọ̀ rìnrìn-àjò lásìkò òjò. Ojú kan ló yẹ kó jókòó sí títí òjò á fi lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé aṣálẹ̀ ni orílẹ̀-èdè yìí, ó sì rò pé ní Niamey, òjò ò lè rí òun mú. Nígbà tí mo tú u fún Ìyá Àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi etí ìborùn nu ojú. "Sọ fún un pé Ẹni tó ni òjò ló ni aṣálẹ̀ náà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Ọ̀kan nínú wọn gbé dùùrù kékeré kan dání, tí ó ń fi ọwọ́ kan fẹ́ atẹ́gùn sí, tí ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ̀. Òmíràn ń lu irin pẹlẹbẹ méjì mọ́ra wọn. Swámì á lé orin, wọ́n á gbè é. Ìyá arúgbó náà jókòó síwájú gan-an, ojú rẹ̀ dì, ó ń gbè é kí Swámì tó lé e tán. Ìyá Àgbà ò jókòó láàárín wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé àga sí, tẹ̀sùbáà wọn wà lọ́wọ́, wọ́n ń ka tiwọn.

Lẹ́yìn orin, Swámì fẹ́ máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òjò ń lu páànù kíkankíkan, a ò gbọ́ ohun tó ń wí. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka sókè, ó ní kí a jẹ́ kí òjò sọ tirẹ̀ tán. Gbogbo wa jókòó, à ń gbọ́ òjò. Nígbà tí ó fúyẹ́ díẹ̀, ọkùnrin kan béèrè pé báwo ni àwọn ṣe fẹ́ máa sin Ọlọ́run ní ìlú tí kò sí ilé ìjọsìn wọn kankan. Swámì ní, "Ṣé o ní ṣọ́ọ̀bù?" Ó ní òun ní. "Bí o bá ṣí i láàárọ̀, pe orúkọ Ọlọ́run kí o tó pe oníbàárà. Ilé ìjọsìn rẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Mo tú u fún Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tó wọ bàálù wá sọ nìyí? Bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi ní Ìlọrin."

Ọ̀sán ni Bàbá Alfa dé fún oúnjẹ wọn, agbòjò lórí, ṣòkòtò ká dé orúnkún. Wọ́n rí bàtà rẹpẹtẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbọ́ orin, wọ́n yọjú wọ inú pálọ̀. Mi ò gbàgbé ojú wọn. Wọ́n pe Ìyá Àgbà síta, èmi náà tẹ̀ lé wọn.

"Ràbí, kí ni mò ń rí yìí?"

"Àlejò ni, Alfa. Òjò lé wọn dé."

"Àlejò? Orin òrìṣà ni mò ń gbọ́ nínú ilé Mùsùlùmí! Ilé tí a ti ń ka Kùránì!"

"Kò sí ère kankan nínú ilé mi. Mo ti ní kí wọ́n gbé e padà, wọ́n sì ti gbé e padà."

"Orin ńkọ́?"

"Ọlọ́run ní etí. Ó mọ orin tí Ó máa gbà."

"Lé wọn jáde."

"Sínú omi yẹn? Ìyá arúgbó wà nínú wọn, Alfa."

"Lónìí ni wọ́n á sọ ọ́ ní gbogbo ọjà pé ọmọ bàbá mi ti di ẹlẹ́sìn Híńdù. Kí ni mo fẹ́ sọ lórí tábìlì wáàsí lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Ìyá Àgbà gbé orí sókè. Wọ́n kúrú, Bàbá Alfa ga. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún wọn pé òjò ni mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gba ẹ̀sìn wọn."

Bàbá Alfa ní àwọn ò ní jẹun nínú ilé náà mọ́. Wọ́n ṣí agbòjò, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Afẹ́fẹ́ dé, ó yí agbòjò náà sódì, omi sì ti dé àtẹ̀gùn kejì. Bàbá Alfa wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Kò sí ibi tí wọ́n máa gbà. Wọ́n padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ilé, wọ́n dúró síbẹ̀. Mo gbé àga jáde fún wọn, wọn ò jókòó.

Àkókò ìrun pé. Ìyá Àgbà wọlé, wọ́n sọ fún mi kí n sọ fún Swámì pé àwọn fẹ́ kírun. Swámì gbé ọwọ́ sókè, orin dákẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí àwọn ọmọdé wọn dákẹ́, àwọn náà dákẹ́. Bàbá Alfa ti ṣe àlùwàlá nínú omi òjò tó ń dà láti orí páànù. Wọ́n tẹ́ ẹní wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ́ tiwọn sí ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn Bàbá Alfa, èmi náà dúró tì wọ́n. Bàbá Alfa mọ̀ pé Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn àwọn. Ìrun ọ̀sán, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń kà á, ṣùgbọ́n wọ́n gbé "Allahu Akbar" sókè kí Ìyá Àgbà lè gbọ́ nínú òjò. A kírun tán. Bàbá Alfa sálámà, wọ́n dìde, wọ́n tún kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ọ̀rọ̀ tí Swámì fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, kò gùn. Ó ní kí olúkúlùkù sọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ọ láti pe Ọlọ́run, kí gbogbo wọn sì jọ dúpẹ́ lórí ẹni náà. Bàbá Mínà dárúkọ bàbá rẹ̀. Ẹnì kan dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Ìyá arúgbó náà ní ìyá ọkọ òun ni, pé ó ń gbá òun létí bí òun bá gbàgbé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á. Swámì dìde kúrò níbi tó jókòó sí, ó wá jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fi èdè rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mínà ò tú ìyẹn fún mi. Mi ò sì bi í.

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ tọ́ mi. "Kí ni wọ́n ń sọ?" Mo sọ fún wọn. Swámì rí i pé à ń sọ̀rọ̀, ó ní bí Ìyá onílé bá fẹ́, kí àwọn náà dárúkọ ẹni tiwọn.

Ìyá Àgbà ò rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Alfa tó ń bínú níta yìí ni. Ìyá wa máa ń lọ sọ́jà láàárọ̀. Alfa ló ń pọ̀n mí lọ sí ilé kéwú. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà tí mo fi mọ Fátíhà, mi ò tíì mọ ìrìn dáadáa."

Mo tú u sí Faransé, Mínà tú u sí èdè wọn, gbogbo èèyàn inú pálọ̀ sì pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n tẹrí ba sí ìhà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Alfa ò wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n fi ọwọ́ wá àga tí mo gbé síbẹ̀, tí wọ́n sì jókòó.

Òjò dá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bàbá Alfa ló kọ́kọ́ lọ, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Swámì fẹ́ lọ, ó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó ní òun ò ní gbàgbé ilé yìí. Ó béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fẹ́ sọ fún òun. Ìyá Àgbà ní, "Sọ fún un kó máa wo ojú ọ̀run kó tó jáde."

Ohun tí ọjọ́ yẹn mú bá wọn ò kéré. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n máa ń pàdé ní pálọ̀ wọn gbé ìpàdé lọ sí ilé mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ pé kí Ìyá Àgbà fi omi àdúrà fọ ilẹ̀ pálọ̀ kí àwọn tó lè padà. Ìyá Àgbà ní òjò ti fọ̀ ọ́. Èyí tó dùn wọ́n jù ni ti Bàbá Alfa. Wọn ò wá jẹun mọ́. Ìyá Àgbà á se oúnjẹ, wọ́n á bu ti Bàbá Alfa sọ́tọ̀, èmi á gbé e lọ, Bàbá Alfa á sì pín in fún àwọn ọmọ kéwú lójú mi. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n má ṣe bù ú mọ́. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ náà ò ní ẹnu ni?"

Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é. Mo ń retí ọ̀rọ̀ ńlá. Mo rò pé wọ́n á sọ fún mi nípa ìgbà tí àwọn náà jẹ́ àjèjì nílùú yìí, tàbí kí wọ́n ka hádíìsì kan. Wọ́n ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́, wọn ò wo ojú mi. "Ìyá yẹn ti rin gbingbin, Sèmíátù. Ṣé o ò rí i ni?"

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí erukuru gba gbogbo ojú ọ̀run, Bàbá Alfa wọlé, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, bí ẹni tó wá lánàá.

"Ràbí, kí lo sè?"

"Ẹ fọ ọwọ́ yín."

Ó tán síbẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ òjò yẹn mọ́ títí Ìyá Àgbà fi kú, ó kéré tán, kì í ṣe létí mi.

Àìsàn tó gbé Ìyá Àgbà lọ ò pẹ́. Bàbá Alfa, tí ẹ̀yìn ti tẹ̀ báyìí, tí a ní láti dì mú lápá kí wọ́n lè dúró, ló kírun sí Ìyá Àgbà lára. Wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Nígbà tí a ń ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Bàbá Mínà wá, ó jókòó sẹ́yìn, sí etí ẹní. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin alfa kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Bàbá Alfa létí tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tó ń wo ibi tí Bàbá Mínà wà. Bàbá Alfa fún un lésì kúkúrú kan, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì jókòó.

Nígbà tí èrò ti lọ, mo gbé omi fún Bàbá Alfa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ bi wọ́n, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ òjò yẹn, ṣé Ìyá Àgbà jàre?"

Wọ́n mu omi náà tán. Wọ́n gbé ife sílẹ̀.

"Mi ò tíì mọ̀, Sèmíátù. Mo ti ka ìwé lé e lórí, mo ti bi àwọn tó jù mí lọ, mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí lọ́run pé kí n wá jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní jẹ́rìí takò ó."